Abẹ́òkúta Kì í Ṣe Àpáta Nìkan

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ti pẹ́ nínú mi, n kò sì ní fi ọ̀kan pe méjì fún yín: irọ́ kan wà tí a ń pa fún àwọn ọmọ wa nípa ìlú Abẹ́òkúta, irọ́ náà sì ti ń wó ilé lulẹ̀.

Ọmọ Ìbíadé ni mí, ní agbègbè Ògùn Waterside, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí omi sì sún mọ́ ni. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí ó bá fẹ́ wo ọ̀nà jíjìn, igi ni yóò gùn. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wa kó wa lọ wo Òkè Olúmọ. Olùkọ́ wa ròyìn àpáta náà fún wa dáadáa: bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe forí pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀, bí ó ṣe dáàbò bò wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú tèmi ti kúrò lára àpáta. Ìlú tí ó wà nísàlẹ̀ ni mò ń wò: òrùlé páànù tí ó ti dógùn-ún lọ súà, àti láàárín wọn, àwọn ilé alájà kan tí fèrèsé wọn tẹ̀ kọrọdọ lókè bí òṣùmàrè, tí a fi sìmẹ́ǹtì ya òdòdó sí orí ilẹ̀kùn wọn, tí òpó róbótó sì tò níwájú wọn. Mo bi olùkọ́ wa pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni ó kọ́ àwọn ilé wọ̀nyẹn?" Ó ní, "Ilé òyìnbó ni." Ó ní kí n yára, pé bọ́ọ̀sì ń dúró dè wá.

Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀ pé ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà. N kò dá olùkọ́ náà lẹ́bi; ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó fi kọ́ wa. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá bèèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nípa irú ilé bẹ́ẹ̀, yálà ní Abẹ́òkúta ni o, yálà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: ilé òyìnbó, ilé àjèjì, kì í ṣe tiwa. Ohun tí a bá sì ti sọ pé kì í ṣe tiwa, ta ni yóò sunkún rẹ̀ bí ó bá wó?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlú náà fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1820, ogun tú àwọn ìlú tí ó wà nínú igbó Ẹ̀gbá ká. Àwọn tí ó kù gbé Ìbàdàn fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ kò sì gbà wọ́n mọ́. Ní ọdún 1830, lábẹ́ ìdarí Ṣódẹkẹ́, wọ́n dé ìdí Olúmọ, àpáta tí orí rẹ̀ ga tó mítà 137 sí ojú òkun. Ní nǹkan bí ọdún 1834 ni àwọn Òwu dara pọ̀ mọ́ wọn. Ohun tí ó wú mi lórí jù lọ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè ni pé wọn kò da orúkọ ìlú wọn nù. Aké, Ìjẹùn, Kémta, Ìgbẹ̀ìn, Ìjemọ̀: orúkọ àdúgbò ni a ń pè wọ́n lónìí, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú tí ó ti tú ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ń rìn ní Abẹ́òkúta, orí ìwé ìtàn ni ó ń rìn. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni wọ́n fi orúkọ tún ilé kọ́ kí wọ́n tó fi amọ̀ kọ́ ọ.

Nísinsìnyí, ẹ bá mi dé òkè òkun díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti máa rí ìdí irọ́ yìí. Irú ọnà ilé tí mo ń sọ yìí, àwọn onímọ̀ ń pè é ní bàrọ́ọ̀kù. Èdè Potogí ni a gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti wá. Péálì tí kò rí róbótó dáadáa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí orúkọ náà ti bá a mu: ọnà tí kò fẹ́ kí ojú ògiri tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó fẹ́ kí ó wú, kí ó tẹ̀, kí ó yọ òdòdó. Ítálì ni ọnà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 1693, ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá kan ba ọ̀pọ̀ ìlú jẹ́ ní ìhà gúúsù ìlà oòrùn erékùṣù Sísílì. Àwọn ará ibẹ̀ tún ìlú wọn kọ́ ní ọ̀nà bàrọ́ọ̀kù: Ragusa, Modica àti Scicli láàárín àwọn òkè, Noto ní ibùdó tuntun, nítorí pé wọ́n fi ti àtijọ́ sílẹ̀ pátápátá. Ní ọdún 2002, Àjọ UNESCO kọ ìlú mẹ́jọ ní agbègbè náà sínú ìwé ogún àgbáyé. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kìkì òkè tí wọ́n jókòó lé lórí ni ogún wọn. Ilé tí ọwọ́ ènìyàn kọ́ lẹ́yìn ìparun ni gbogbo ayé ń lọ wò.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìtàn Noto àti ìtàn Abẹ́òkúta? Ohun tí ilẹ̀ mímì ṣe fún tọ̀hún ni ogun ṣe fún tiwa. Àwọn méjèèjì ṣí kúrò, wọ́n gbé orúkọ wọn dání, wọ́n sì tún ilé kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tọ̀hún ń fi ilé wọn yangàn. Àwa ń fi àpáta tí a bá níbẹ̀ yangàn.

Ọnà bàrọ́ọ̀kù kò dúró sí Ítálì. Ó dé ilẹ̀ Potogí, àwọn Potogí sì gbé e dé Bùràsíl, níbi tí ó ti fìdí múlẹ̀ ní àwọn ìlú orí òkè bíi Ouro Preto àti apá òkè ìlú Salvador ní Bahia. Owó wúrà àti owó ṣúgà ni ó kọ́ àwọn ìlú wọ̀nyẹn, ọwọ́ ẹrú ni ó sì wa wúrà náà tí ó sì gé ìrèké náà. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ni ó gbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú ọnà ọ̀hún. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní Ouro Preto, ẹni tí wọ́n ń pè ní Aleijadinho, tí ó kú ní ọdún 1814, ọmọ tí ẹrúbìnrin aláwọ̀ dúdú bí fún ọmọlé ará Potogí ni. Ní Salvador, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn ni ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Pelourinho. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ fetí sí orúkọ náà: òpó tí wọ́n ti ń na ẹrú ní gbangba ni Pelourinho túmọ̀ sí. Ní ẹsẹ̀ òpó pàṣán ni wọ́n ti ya òdòdó sára ògiri.

Ta sì ni àwọn ẹrú náà? Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ilẹ̀ Yorùbá ń jó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọkọ̀ ń kó lọ sí Bahia jẹ́ ọmọ Yorùbá, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nagô níbẹ̀. Àwọn Nagô pọ̀ nínú ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Salvador ní oṣù Kìíní ọdún 1835. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ náà, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan padà sí Áfíríkà, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọ ọkọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni a pè ní Àgùdà nígbà tí wọ́n dé Èkó. Ìsìn Kátólíìkì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn mú bọ̀ lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, títí di òní, bí Yorùbá bá ní "ìjọ Àgùdà", ìjọ Kátólíìkì ni ó ń wí. Orúkọ àwọn tí ó ti oko ẹrú bọ̀ ni a fi sọ ìjọ lórúkọ.

Kì í ṣe ìsìn nìkan ni wọ́n gbé bọ̀. Wọ́n jẹ́ bíríkìlà, káfíńtà àti aránṣọ. Ní Èkó, Àgùdà tí ń jẹ́ João Baptista da Costa ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Ní Pọtọnófò, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi lè ṣì í mọ̀. Mùsùlùmí ni ó ń kírun nínú ilé tí ọnà rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì wá, kò sì sí ẹni tí ó rí àléébù níbẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí àwọn Àgùdà kọ́ ni wọ́n gbé ọnà yìí wọ Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn, àti àwọn ìlú mìíràn nínú ilẹ̀ Yorùbá.

Abẹ́òkúta ti ń retí wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró, ọmọ wa tí àwọn ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà sílẹ̀ lójú omi tí wọ́n kó lọ sí Sàró, ti ń padà dé ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Samuel Ajayi Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí ó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, tí ó sì bá ìyá rẹ̀ pàdé níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìlú yìí náà ni Ìwé Ìròhìn ti jáde ní ọdún 1859. Nígbà tí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn sì ń kọjá níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀nà rọ̀ fún páànù àti sìmẹ́ǹtì. Ògiri amọ̀ tí Ẹ̀gbá ti mọ̀ láti ọjọ́ aláyé ni wọ́n mọ. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ tí wọ́n sì fi ya òdòdó sí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó la àárín ilé já, tí yàrá kọjú síra ní ìhà méjèèjì, gba ipò àgbàlá tí ẹbí ti ń péjọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbá ni ó ni amọ̀, Ẹ̀gbá ni ó ni owó, ọmọ Yorùbá ni ó ni ọwọ́. Níbo ni òyìnbó wọ̀ ọ́?

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ń pe ilé wọ̀nyí ní ilé òyìnbó kì í rántí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, àwọn Ẹ̀gbá dìde sí àwọn òyìnbó oníwàásù, wọ́n fọ́ ilé ìsìn, wọ́n sì lé wọn kúrò nílùú. Ìfọ́lé ni a ń pe ọjọ́ náà. Láti ọdún 1898 títí di 1914, Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀ tí ó ní akọ̀wé àti àpótí owó tirẹ̀. Nítorí náà, ní àkókò tí irú ilé yìí ń gbilẹ̀ láti Èkó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá, Abẹ́òkúta jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí òyìnbó kò tíì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn pátápátá. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ti lé òyìnbó rí kì í kọ́lé láti fi bẹ òyìnbó. Wọ́n kọ́ ọ láti fi sọ pé: ogun kó wa, a sì ti padà dé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò takò mí. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn tí mo ń pè ní olùfọ̀mọ́ àṣà. Wọ́n ní ohun tí ó bá ti Bùràsíl wá kì í ṣe àṣà Yorùbá, pé ilé olórùlé koríko tí ó ní àgbàlá ni ilé Yorùbá. Mo fẹ́ bi wọ́n: ṣé wọn a máa gba àdúrà? Ẹni tí ó bá sọ pé "àdúrà", "àlàáfíà", "wákàtí" àti "àlùbọ́sà", ọ̀rọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá àti Haúsá wọlé wá ni ó ń sọ. Èdè wa gbà wọ́n, ó fi ohùn tirẹ̀ sí wọn lára, wọ́n sì di tiwa dé ibi pé ìyá àgbà tí kò rí Lárúbáwá rí ń fi wọ́n súre fún ọmọ rẹ̀. Bí èdè ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí ilé náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ẹ̀rí ní Abẹ́òkúta gan-an, kí wọ́n lọ sí ọjà Ìtòkú. Àdìrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìlú náà, aṣọ funfun tí ọkọ̀ kó wá láti ilé iṣẹ́ òkè òkun ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ ya, tí wọ́n sì ń rẹ sínú aró, nígbà tí òwò náà gbóná jù lọ ní nǹkan bí 1920 sí 1930. Ọ̀kan nínú àwọn ọnà àdìrẹ tí ó gbajúmọ̀ ti ibi àwòrán ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti aya rẹ̀ wá, ní ọdún àjọ̀dún wọn, 1935. Ẹ sọ fún mi, àdìrẹ ha di aṣọ òyìnbó bí? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Àwọn kejì ni àwọn onílọsíwájú. Wọ́n ní ilé náà ti gbó, ó léwu, ó sì ń dí ọ̀nà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, n kò ní sẹ́ ẹ. Ilé amọ̀ tí ó gbó lè pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ń pa ilé náà gan-an. Kì í ṣe ọjọ́ orí. Páànù ni ó kọ́kọ́ ń jò. Omi òjò a wọnú ògiri amọ̀ láti òkè. Sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ògiri kò ní jẹ́ kí omi náà gbẹ. Amọ̀ a rọ̀ láti inú wá, òdòdó a sì ré bọ́. Páànù díẹ̀ tí a bá pààrọ̀ lásìkò ni ó lè fi ogún ọdún kún ẹ̀mí ilé. Nítorí náà, ẹni tí ó jókòó wo òrùlé tí ń jò fún ọdún mẹ́wàá, tí ó wá ní ilé ti di ewu, òun ni ó kó ewu náà wá. Ní ti ọ̀nà, láti ọdún 2011 tí wọ́n ti ń fẹ àwọn òpópónà ńlá ní Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni ẹ̀rọ katakata wó. Mo ń gba ọ̀nà náà, mo sì ń yára dé ibi tí mò ń lọ, ọ̀nà dára. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n tó wó wọn, ta ni ó ya àwòrán wọn? Ta ni ó kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ wọn sílẹ̀? Bí a bá ní kí òkú má sùn nílé, ṣé a kì í wẹ̀ ẹ́ kí a tó sin ín ni?

Àwọn kẹta ni wọ́n sún mọ́ òótọ́ jù. Wọ́n ní, "Ilé ẹbí wa ni. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ wá tún un ṣe." Wọ́n jàre. Olówó kan kò gbọdọ̀ jókòó sí Èkó kí ó máa pàṣẹ fún opó tí kò rí owó òúnjẹ pé kí ó má fọwọ́ kan ògiri. Bùràsíl fúnra rẹ̀ ti ṣe àṣìṣe yìí. Àjọ UNESCO kọ Ouro Preto sínú ìwé ní ọdún 1980, ó sì kọ àárín gbùngbùn Salvador síbẹ̀ ní ọdún 1985. Nígbà tí wọ́n wá ń tún Pelourinho ṣe ní àwọn ọdún 1990, wọ́n kó ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tálákà tí ń gbé ibẹ̀ kúrò kí àwọn arìnrìnàjò afẹ́ lè rí ọ̀nà rìn. Ògiri lẹ́wà, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn tí ó kọ́ ọ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Èmi kò fẹ́ irú ìyẹn fún Abẹ́òkúta. Ilé tí kò sí ẹni tí ń dá iná nínú rẹ̀ ti di pósí.

Àwọn kẹrin ni yóò sọ pé kí ìjọba ṣe òfin. Òfin wà, ìjọba àpapọ̀ ní òfin àti àjọ tí ó lè pe ilé ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ilé Ilojo Bar ní Tìnúbú, l'Ékòó, èyí tí ìdílé Àgùdà kan kọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni orúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìwé. Ìwé kò sì di ògiri mú. Òfin tí kò sí nínú ọkàn ará ìlú, orí pépà ni ó ń gbé. Nítorí náà ni mo ṣe ń bá irọ́ jà kí n tó bá katakata jà. Bí a bá ń kọ́ ọmọ pé ilé òyìnbó ni, kò ní sí òfin tí yóò gbà á là.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ẹ má baà rò pé mo mọ́ jù yín lọ, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan lọ sí Abẹ́òkúta láti gba ìtàn sílẹ̀. A dé ilé alájà kan tí màmá àgbà kan ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lórí ilẹ̀kùn ni ẹyẹ méjì wà tí wọ́n kọjú síra. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyàwó méjì ni bàbá àwọn ní, pé ọjọ́ tí àwọn méjèèjì gbà láti jọ gbé ilé náà láìjà ni bàbá ní kí bíríkìlà ya ẹyẹ náà sí i. Wọ́n ki oríkì bàbá wọn fún wa láti ìsàlẹ̀ dé ibi àtẹ̀gùn. Wọ́n ní òkè ni ìyókù wà, pé òdòdó kọ̀ọ̀kan lókè ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n pé orúnkún ń dun àwọn lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, Màmá, a ó padà wá." Ọ̀sán ti ń lọ, mo sì ní ìpàdé lọ́jọ́ kejì.

Òjò ọdún méjì rọ̀ kí a tó padà. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá ni a bá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta káàdì fóònù níbẹ̀ sọ fún wa pé Màmá ti wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Èkó kí wọ́n tó wó ilé náà, pé wọ́n sì ti dolóògbé. Oríkì tí ó wà nínú ẹ̀rọ mi dé ibi àtẹ̀gùn, ó dúró. Kì í ṣe ìjọba ni ó jẹ́ kí apá òkè sọnù. Èmi tí mo ní oyè ọ̀mọ̀wé ni.

Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi wá ń wí pé, bí kò bá sí ilé mọ́, kí ni a óò wò? Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè kò lè máa ṣe ìwádìí oríkì bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni oríkì ń gbé. Àpáta kò lè kú; ó ti wà kí Ṣódẹkẹ́ tó dé. Ní ọdún 2006, wọ́n tún ibùdó ìgbafẹ́ Olúmọ ṣe, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí ń gbé arìnrìnàjò ròkè síbẹ̀. Ó dára, kí àwọn arúgbó náà lè gòkè. Ṣùgbọ́n àpáta kò bèèrè ìrànlọ́wọ́. Ìdajì owó tí a ń ná lórí ohun tí kò lè wó, bí a bá ná an lórí òrùlé àwọn ilé tí ń wó nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ wa ì bá rí nǹkan wò láti orí àpáta náà.

Kí ni kí a ṣe? Mo ní ohun mẹ́ta, kò sì sí èyí tí ó nílò àṣẹ gómìnà. Àkọ́kọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ fi fóònù yín ya ilé àgbà kan: iwájú rẹ̀, orí ilẹ̀kùn rẹ̀, orúkọ àti ọdún tí a kọ sí orí rẹ̀. Ẹ gba ìtàn rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé, kí ẹ sì gbà á tán lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Èkejì, ẹ̀yin ọmọ ẹbí tí ń dá owó fún ayẹyẹ ìrántí òkú lọ́dọọdún, ẹ yọ owó páànù díẹ̀ nínú rẹ̀. Òrùlé tí kò jò ni ìrántí tí ó ń pẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kó ọmọ lọ sí Olúmọ, bí ọmọ kan bá na ìka sí ìsàlẹ̀ tí ó bi yín pé ta ni ó kọ́ àwọn ilé wọ̀nyẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì dúró díẹ̀. Ẹ sọ fún un pé àwọn tí wọ́n tà ni wọ́n padà wá kọ́ ọ.

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ilé tuntun lè kún gbogbo Abẹ́òkúta ní ọdún mẹ́wàá, gíláàsì yóò máa dán lára wọn. Ẹyẹ méjì tí ó kọjú síra lórí ilẹ̀kùn, kò sí owó tí ó lè rà á padà.